Bàbá kú lójijì, ọmọ ọdún 18 gba ilé búrẹ́dì: Bí iná ààrò Poilâne kò ṣe kú ní Paris

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi rárá. Nọ́mbà 8 ni, ní òpópónà Rue du Cherche-Midi, ládùúgbò Saint-Germain-des-Prés nílùú Paris, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè rìn kọjá níwájú rẹ̀ láì bojú wẹ̀gbẹ́, àfi bí òórùn búrẹ́dì bá fà á nímú wọlé. Ohun tójú máa kọ́kọ́ rí ni búrẹ́dì ńláńlá tí wọ́n tò jọ, roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí èèpo rẹ̀ pọ́n dòò, tí ìyẹ̀fun sì ta funfun sí i lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n tó kílò méjì. Lẹ́tà P ńlá kan wà lórí rẹ̀, tí wọ́n fi abẹ fà síbẹ̀ kó tó wọ inú iná. P yẹn dúró fún Poilâne, orúkọ ìdílé tó dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Búrẹ́dì gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ àwọn Faransé, ìyẹn baguette, kò sí lórí àtẹ wọn. Ẹni tó bá ti dé Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ mọ irú búrẹ́dì yìí dáadáa, nítorí àwọn Faransé ló gbé e débẹ̀. Lọ́dún 2022, àjọ UNESCO ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ìdílé Poilâne kò bá wọn dá sí i. Àfi bí ẹni tó ṣí búkà n'Íbàdàn, tó ní òun kò ní í ta àmàlà, tí àwọn èèyàn sì tún ń tò síwájú ìsọ̀ rẹ̀.

Pierre Poilâne, ọmọ Normandy, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́dún 1932. Lásìkò náà, búrẹ́dì funfun ló gbayì nígboro, wọ́n sì ka búrẹ́dì dúdú ńlá sí oúnjẹ ará oko. Ti ará oko yìí gan-an ni Pierre mú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí búrẹ́dì dúdú ń rán àwọn èèyàn létí ọ̀wọ́n oúnjẹ tó bá wọn fínra nígbà ogun. Pierre kò yí padà. Àwọn ayàwòrán pọ̀ ládùúgbò rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lówó lọ́wọ́, ló bá ń gba àwòrán búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn dípò owó. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn káńtà kún fún àwọn àwòrán náà. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló lè tà bẹ́ẹ̀ o, torí ẹni tó ń ta fulawa fúnni kò ní í gba àwòrán. Ṣùgbọ́n àwòrán wọ̀nyẹn wá di ohun tí àwọn àlejò ń fẹ́ wò, ìpolówó tí Pierre kò san kọ́bọ̀ lé lórí.

Ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fi ọlọ òkúta lọ̀, omi, iyọ̀ òkun láti Guérande, àti ìwúkàrà, ohun tó wà nínú búrẹ́dì náà nìyẹn. Wọn kì í fi ṣúgà tàbí bọ́tà sí i. Ìwúkàrà yìí kì í ṣe yíìsì inú agolo. Ìyẹ̀fun pípò ni, tí wọ́n gé kúrò lára ti ìṣáájú, tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan, tí wọ́n á wá pò mọ́ tuntun. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo ògì rí kò nílò àlàyé púpọ̀: àsìkò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì ṣeé lé síwájú. Kíkan yìí ló ń fún búrẹ́dì náà ládùn, òun ló sì ń jẹ́ kó lè lo ọjọ́ mélòó kan nílé láì bàjẹ́.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ààrò wà. Àtẹ̀gùn tóóró kan ló lọ síbẹ̀, ooru á sì ti pàdé èèyàn kó tó dé ìsàlẹ̀. Igi ni wọ́n ń fi dáná. Kò sí bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀ tó máa mú iná náà gbóná níwọ̀n. Ojú àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ń wọ̀n ọ́n. Bí igi bá tutù, bí òtútù bá mú jù, iṣẹ́ ọjọ́ náà yí padà nìyẹn. Ẹ̀rọ ló ń po ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n látìgbà tó bá ti kúrò nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ èèyàn ló kù. Òṣìṣẹ́ kan náà á gé e, á wọ̀n ọ́n, á fi í sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí kó lè wú, òun náà á sì fi pákó ọlọ́wọ́ gígùn tì í sínú ààrò. Bí búrẹ́dì bá bàjẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó máa dá lẹ́bi.

Lókè, níbi tí wọ́n ti ń tajà, kò pọn dandan kí oníbàárà ra odidi. Wọ́n ń gé e sí ìdajì, wọ́n ń gé e sí ìdá mẹ́rin, wọ́n sì ń gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ fún ẹni tó bá fẹ́. Arúgbó tó ń dá gbé àti ìyá ọlọ́mọ márùn-ún lè ra ọjà kan náà, kí oníkálukú sì ra ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Ènì náà wà níbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ bisikíìtì kéékèèké tí wọ́n fi bọ́tà ṣe máa ń wà nítòsí káńtà, oníbàárà á mú ọ̀kan jẹ láì sanwó. Punitions ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "ìyà". Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ìdílé náà ni pé ìyá àgbà kan máa ń pe àwọn ọmọ bí ẹni fẹ́ jẹ wọ́n níyà, tí wọ́n bá sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bisikíìtì ló máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Lionel, ọmọ Pierre, kò kọ́kọ́ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ kọ́ ọ. Lọ́dún 1970, ó gba ipò bàbá rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọjà fi ju agbára ààrò kan lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń bá tiwọn jẹ́ nìyí. Ọ̀nà tó yá ni kó ra ẹ̀rọ ńlá, kó lo yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú wéréwéré, kó sì máa fi lẹ́tà P náà tajà lọ. Lionel lọ sí Bièvres, lẹ́yìn ìlú Paris, ó kọ́ ààrò 24 síbẹ̀, gbogbo wọn jọ ti abẹ́ ṣọ́ọ̀bù, igi náà ni wọ́n sì ń fi dá wọn. Ó tò wọ́n yí ibi tí wọ́n ń kó igi sí ká. Dípò kó sọ ilé búrẹ́dì kékeré di fákítìrì, ńṣe ló kó ilé búrẹ́dì kékeré 24 sábẹ́ òrùlé kan. Kì í fẹ́ gba ẹni tó ti mọ iṣẹ́ búrẹ́dì níbòmíràn. Ó ní àṣà burúkú ti mọ́ wọn lára jù. Ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan ló ń gbà, tó ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ńlá ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ná oníṣòwò, ọjọ́ tí èrè rẹ̀ máa jáde kì í sì í tètè dé. Lọ́dún 2000, ó ṣí ẹ̀ka kan ní Elizabeth Street ní London.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2002, Lionel ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa hẹlikọ́pítà, Irena ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, nígbà tí ọkọ̀ náà já sínú òkun nítòsí Cancale, ní Brittany. Àwọn méjèèjì kú. Ọmọ ọdún 57 ni Lionel. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Apollonia, tó jẹ́ àgbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 ni.

Gbogbo wa la mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí ládùúgbò wa. Kí wọ́n tó sin òkú tán, ẹbí ti ń du kọ́kọ́rọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá ibòmíràn, onígbèsè sì ti fara pa mọ́. Ní Paris, láàárín ọjọ́ díẹ̀, Apollonia jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí i. Láti kékeré ló ti ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ó ti ní i lọ́kàn láti lọ sí yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kò sì fagi lé e. Láti 2003 sí 2007 ló fi ka ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé níbẹ̀, tó ń fi tẹlifóònù darí iṣẹ́, tó sì ń wá sílé lóòrèkóòrè. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ní Paris, òru ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí i lókè òkun kó lè tọ́ ọ wò, kó mọ̀ bóyá ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti yẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ọgbọ́n orí ọmọdé yẹn nìkan kọ́ ló gba ilé náà là. Ká ní inú ìwé kan tí Lionel tì mọ́ àpótí ni iṣẹ́ búrẹ́dì náà wà, ì bá bá a rì sínú òkun. Ọwọ́ àwọn tó ti kọ́ ló wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka iná ṣì wà níwájú ààrò kọ̀ọ̀kan.

Òfin ìlú wọn náà ń ran àwọn oníbúrẹ́dì kéékèèké lọ́wọ́. Àṣẹ ìjọba tó jáde lọ́dún 1993 sọ ohun tó lè wà nínú búrẹ́dì tí wọ́n bá pè ní ti ìbílẹ̀ Faransé, òfin ọdún 1998 sì ní ẹni tí kò bá po ìyẹ̀fun, kó sì yan án síbi tó ti ń tà á, kò gbọ́dọ̀ kọ boulangerie sójú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe búrẹ́dì l'Ágége tàbí l'Ábẹ́òkúta kò ní irú ààbò yẹn, ó sì dájú pé búrẹ́dì kíkan tí èèpo rẹ̀ le kò ní í yá lọ́jà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ èyí tó rọ̀ tó sì dùn láti fi jẹ ẹ̀wà. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ ni iye èèyàn tó lè ṣe ọjà rẹ̀ bó ṣe yẹ bí òun kò bá sí nílé.

Ní Rue du Cherche-Midi, wọ́n kì í lo gbogbo ìyẹ̀fun pípò tán. Kí òṣìṣẹ́ tó ṣíwọ́, ó máa gé díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, á fi í sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.