Ọ̀nà Ọjà Ẹdẹ àti Àwọn Tí Ó Ni Ín

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Bí a bá sì dárúkọ ọ̀nà fún ọmọ Ẹdẹ, ohun tí ó bí ìlú rẹ̀ gan-an ni a dárúkọ. Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ìgbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń yọ àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Apòmù lẹ́nu ni Aláàfin rán Tìmì, ọdẹ olókìkí, wá sí Ẹdẹ kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà náà. Ìlú kan wà tí odò bí, òmíràn wà tí òkè bí. Ọ̀nà ọjà ni ó bí Ẹdẹ.

Ẹni tí ó bá gba ẹ̀bá Ọjà Tìmì kọjá ní ọjọ́ tí ọjà kún yóò rí i pé ọ̀nà náà kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ mọ́. Ọlọ́kadà ń bá ọmọlanke du àyè. Ìyá aláta ti tẹ́ ẹní rẹ̀ dé ibi tí táyà mọ́tò ń gbà. Aláṣọ gbé tábìlì síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gbé tirẹ̀ síwájú sí i, kí oníbàárà lè rí òun náà. Gọ́tà tí ó yẹ kí ó gbé omi lọ ti di ibi ìdàlẹ̀nù; bí òjò bá sì dé, omi a gba àárín títì. Àwọn kan a máa wí pé ìwà àìgbọ́ràn ni ó fà á. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ń tajà níwájú mọ̀ dájú pé bí òun bá fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì, ẹlòmíràn yóò gba àyè náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè dá nìkan fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jọ fà sẹ́yìn ní ọjọ́ kan náà, kò sí ẹni tí yóò pàdánù oníbàárà kan ṣoṣo. Gbòǹgbò ọ̀ràn náà nìyí, òun ni ó sì mú kí a máa wí pé àwọn tí ń jẹun lójú ọ̀nà náà ni kí ó kọ́kọ́ jókòó sọ bí yóò ti rí, kí agbaṣẹ́ṣe tó dé.

Kì í ṣe pé a kò tíì ṣe ètò fún ìlú náà rí. Ní 2014, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn ìlú àti ibùgbé, èyí tí à ń pè ní UN-Habitat, pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tẹ ìwé kan jáde lórí bí Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ yóò ṣe máa gbòòrò láti 2014 títí dé 2033. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Ìwó, Ìkìrun, Ìlá àti Èjìgbò pẹ̀lú. Wọ́n pe ará ìlú sí ìpàdé nígbà tí wọ́n ń ṣe é, èyí sì jẹ́ ohun ìyìn, nítorí kò wọ́pọ̀ láàrin wa. Ogún ọdún ni wọ́n fún ìwé náà; ó ti lé ní ìdajì rẹ̀ tí ó ti kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí a bi yín o, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ọjà Tìmì: mélòó nínú yín ni ó ti fojú kan ìwé náà? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

A kò sì gbọdọ̀ bu ẹ̀bi lé ìwé náà lórí ju bí ó ti yẹ lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa sọ ibi tí ilé yóò wà, ibi tí oko yóò kù sí, àti ibi tí ọ̀nà ńlá yóò gbà. Ó ń wo ìlú bí adẹ́mu ti ń wo oko láti orí ọ̀pẹ. Láti ibẹ̀, kò lè rí ibi tí ìyá elépo ń gbé garawa rẹ̀ sí, kò lè mọ wákàtí tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń dé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ yàrá tí a sin baba ńlá agboolé kan sí. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ ni ó mọ ìwọ̀nyí.

Ní báyìí, iṣẹ́ ọ̀nà ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ tí ó gorí àléfà ní November 2022, dáwọ́ lé sísọ ọ̀nà Àkọ̀dà sí Òkè-Gada di oníhà méjì. Àwa kò lòdì sí ọ̀nà fífẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ kó ẹrù rí kò ní lòdì sí i. Ohun tí a ń wí ni pé níbikíbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀, ilé àti ìsọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí ó bá sì fẹ̀ láti Àkọ̀dà wá, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò bèèrè bí ti inú ọjà yóò ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn, owó gbà-má-bínú tí òfin náà mọ̀ ni ti ilé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye tí ó ti gbó kúrò, àti ti irúgbìn tí ó wà lórí ilẹ̀. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ilẹ̀ tí a ti san fún ìjọba ní ọdún náà lọ. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ fún oníbàárà tí ó ṣáko lọ. Ìyá tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó lójú kan, tí kò sì ní bíríkì kan níbẹ̀, kò ní ohun tí yóò nawọ́ gbà. Òfin ìṣètò ìlú ti 1992 ní tirẹ̀ fi àyè sílẹ̀ kí a gbé àwòrán jáde fún ará ìlú, kí ẹni tí ó bá ní àtakò sì kọ ọ́ wá. Ó dára. Ṣùgbọ́n àtakò tí a kọ lẹ́yìn tí àwòrán ti jáde dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bèèrè iyọ̀ nígbà tí wọ́n ti ń kó àwo kúrò nílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ń dẹ́rù ba ènìyàn ni, kí ó ro ti Èkó. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ ìlú náà ní 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe. Àjọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín ìlú ní 1955, lórí ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà, tí ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé Sùúrùlérè mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní 1961: oníṣòwò tí a mú jìnnà sí ọjà pàdánù oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè tán, ẹbí tí ó ti ń jùmọ̀ gbé sì túká. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi sí wọn. A kàn ṣe ètò náà láìsí wọn níbẹ̀ ni.

Ẹ wá wo Ìbàdàn ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yìí kan náà bá ìlú náà dá ètò ìtúnlùúṣe kan sílẹ̀. Ní Kube-Atẹnda, orísun omi kan wà tí àwọn ará àdúgbò ń pọn. Wọn kò kọ́kọ́ wá omi tuntun. Èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n jọ tọ́jú, tí wọ́n sì bò kí ẹ̀gbin má baà wọ inú rẹ̀, àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú àwọn onímọ̀ àti ìjọba. Ní ọjà Bódìjà bákan náà, àwọn ọlọ́jà jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ lórí ọ̀ràn omi, ilé ìyàgbẹ́ àti ìdọ̀tí.

Òkè òkun pẹ̀lú ní irú rẹ̀. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Dudley Street, tí iná ti jó ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀, tí àwọn ará ibòmíràn sì sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ààtàn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó ti erékùṣù Cape Verde wá, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Dakar. Ní àárín àwọn ọdún 1980 àwọn ẹlẹ́yinjú àánú gbé ètò ìtúnṣe wá bá wọn ní ìpàdé. Àwọn ará àdúgbò dìde, wọ́n bi wọ́n léèrè pé mélòó nínú wọn ni ó ń gbé níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn onílé àti ayálégbé ti di púpọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀; wọ́n ṣe ètò tiwọn ní 1987, nígbà tí ó sì di 1988 ìjọba ìlú fún wọn ní agbára láti gba àwọn ilẹ̀ òfìfo tí ó wà ní àárín àdúgbò wọn kí wọ́n lè kọ́ ilé sí i. Agbára tí ìjọba nìkan máa ń ní, ẹgbẹ́ àdúgbò ni a fi lé lọ́wọ́!

Kí ni a wá ń dámọ̀ràn fún Ẹdẹ? Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo ní ẹ̀bá Ọjà Tìmì, kì í ṣe gbogbo ìlú. Kábíyèsí Tìmì ni ó lè pè wọ́n jọ tí gbogbo wọn yóò sì dáhùn: Ìyálọ́jà, àwọn baálé agboolé tí ilé wọn kọjú sí ọ̀nà, àwọn tí ó háyà ìsọ̀, olórí àwọn awakọ̀ àti ọlọ́kadà, àwọn alárù àti onímọlanke, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ẹdẹ àti Gúúsù Ẹdẹ. A fi alárù sí i nítorí òun ni ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ. Ọba Adétóyèsé Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí dé 1975, fi ìlù sọ orúkọ Ẹdẹ di mímọ̀ káàkiri ayé. Ǹjẹ́ kò ní burú bí ìpè sí irú ìpàdé báyìí bá jẹ́ ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì? Kí a fi ìlù pè é, kí a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì pè é, kí rédíò náà sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, kíkà ni ó kàn. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí a ka ìsọ̀, kí a ka ẹní àti tábìlì tí ó wà nílẹ̀, kí a ka ọkọ̀ ẹlẹ́rù àti wákàtí tí wọ́n ń dé, kí a sì kọ ibi tí omi ti ń dúró nígbà òjò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic tí ó wà ní Ẹdẹ lè bá wọn ya àwòrán rẹ̀. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń tajà sínú ìwé, onísọ̀ àti aláìnísọ̀, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ni a kọ́kọ́ ń lé.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, gọ́tà ni kí ó ṣáájú ohun gbogbo, kí ìderí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ó ṣeé gbé láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Gọ́tà tí a bò pa pẹ̀lú kọnkéré dára lójú ní ọjọ́ ìṣíde, ó sì máa ń kún ní ọdún kejì. Lẹ́yìn náà, kí a fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀: ìhín ni ti ẹlẹ́sẹ̀, ìhín ni ti ọkọ̀, ìhín ni ẹní yóò dé. Kí ọkọ̀ ẹlẹ́rù já ẹrù tán kí ọjà tó kún. Kí wọ́n lo ìlà ẹfun yìí fún oṣù kan, kí wọ́n sì yí ibi tí kò bá bá wọn lára mu padà. Ẹfun kò wọ́n, ó sì ṣeé pa rẹ́. Kọnkéré kò ṣeé pa rẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé ìpàdé ará ìlú kì í parí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó pẹ́ ju ìpàdé lọ. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ti owó ilé. Bí ọ̀nà bá dára tán, onílé lè fi owó kún owó ìsọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó sapá fún ìtúnṣe náà kò ní lè san án mọ́, tí àlejò olówó yóò sì jókòó sí àyè wọn. Nítorí náà, kí onílé àti ayálégbé fọwọ́ sí ìwé níwájú Kábíyèsí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé owó ìsọ̀ kò ní lọ sókè fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí. Bí a bá fi èyí sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ní ti ìwé 2014 náà, ẹ̀dà kan yẹ kí ó wà ní ààfin, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà. Kí a túmọ̀ ohunkóhun tí ó bá kan ọ̀nà àti ọjà nínú rẹ̀ sí Yorùbá, kí a sì kà á sókè ní ọjọ́ ọjà, ní àárọ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ láti oko lè bá a. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, láàrin November sí February, kí ìlà ẹfun má baà bá òjò lọ.