Kí Aláǹgbá Tó Rí Àlàfo: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Dán Ọkàn Fóònù Wa Wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà kì í kàn sanwó kó sì máa gbé e lọ. Yóò gbé e sókè, yóò yí i wò, yóò sì fi ìka lù ú kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá dún ketekete, ó di rírà. Bí ó bá dún bí ohun tó ti sán, a ó dá a padà sórí àtẹ. Fóònù tí a fi ń fowó ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa ńkọ́, èyí tí àwòrán àwọn ọmọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí ilé wà nínú rẹ̀? Ta ni ó ń bá wa lù ú wò?

Nísàlẹ̀ gbogbo ohun tí à ń rí lójú fóònù, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní kernel. Òun ni ọkàn ẹ̀rọ. Òun ni ó ń pín àyè ìrántí fún áàpù kọ̀ọ̀kan, òun náà ni kì í jẹ́ kí áàpù eré yọjú wo ohun tó wà nínú áàpù báńkì. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni kernel tó wà nínú àwọn fóònù Android. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí kernel bá lanu, kò sí yàrá tí ọ̀daràn kò lè dé.

Ọjọ́ òjò ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1988, Barton Miller, olùkọ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wà nílé, ó ń lo kọ̀ǹpútà yunifásítì láti orí wáyà tẹlifóònù. Àrá ń sán, ariwo inú wáyà sì ń fi lẹ́tà jágbajàgba kún ohun tó ń tẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé àwọn ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ń dákú nítorí ìdọ̀tí lásán. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ariwo bẹ́ẹ̀, ó sì pe iṣẹ́ náà ní fuzz. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990 fi hàn pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ètò Unix tí wọ́n dán wò tó dákú tàbí tó há.

Dídán kernel wò báyìí ní ìṣòro tirẹ̀. Bí áàpù bá dákú, a ó tún un ṣí. Bí kernel bá dákú, gbogbo ẹ̀rọ ló bá a lọ, títí kan ètò tó ń dán an wò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ti inú bá kú, ti ìta yóò kọ ohun tó pa á sílẹ̀, yóò sì gbé òmíràn dìde. Wọ́n lè to ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jọ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Syzkaller, tí Dmitry Vyukov dá sílẹ̀ ní Google, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn áàpù a máa bẹ kernel níṣẹ́: ṣí fáìlì yìí, fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́. Syzkaller mọ bí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe ń rí, ṣùgbọ́n yóò tò wọ́n lódìlódì, yóò sì fi iye tí kò bójú mu sínú wọn. Bí ìbéèrè kan bá mú kernel gba ọ̀nà tí kò gbà rí, yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì máa yí i padà síwájú sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Andrey Konovalov fi í rí àléébù kan tó ti fara pamọ́ sínú Linux fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n rírí àléébù kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, syzkaller rí òmíràn nínú Binder, apá kernel tí àwọn áàpù Android fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wo ayálégbé tó ti kó jáde, tí onílé sì ti fi yàrá náà fún ẹlòmíràn, síbẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí àléébù náà ṣe rí nìyẹn: kernel ti gba àyè kan padà nínú ìrántí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lo kọ́kọ́rọ́ àtijọ́.

Wọ́n tún un ṣe nínú Linux ní oṣù kejì ọdún 2018. Àtúnṣe náà kò dé inú ọ̀pọ̀ fóònù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Maddie Stone, ọ̀kan nínú àwọn olùṣèwádìí ààbò ní Google, fi hàn pé ó dà bí ẹni pé àwọn kan ti ń gba àlàfo yìí wọ fóònù àwọn ènìyàn. Pixel 2 tí Google fúnra rẹ̀ ṣe wà lára àwọn tó kàn, Samsung Galaxy S9 náà sì wà níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ni àtúnṣe tó dé inú ìmúdójúìwọ̀n Android. Ẹ̀rọ ti kígbe, àwọn onímọ̀ ti rí oògùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí oògùn náà tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí fóònù. Ẹ̀rọ Wi-Fi inú pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ní ètò kékeré nínú, tí à ń pè ní firmware. Àwọn onímọ̀ a máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, wọn a sì gbé e sínú ẹ̀rọ àfarawé bíi QEMU kí wọ́n lè dán an wò. Iṣẹ́ yìí le, nítorí firmware ń retí bọ́tìnì àti iná tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní láti máa dá a lóhùn bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá sì rí àléébù náà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tún ẹ̀rọ Wi-Fi ṣe rí láti ọjọ́ tí a ti rà á.

Òótọ́ ni pé dátà wọ́n, ìmúdójúìwọ̀n a sì máa jẹ dátà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù bá tún béèrè, ẹ má ṣe máa tẹ «ó di ìgbà mìíràn» ní gbogbo ìgbà; ẹ wá ibi tí Wi-Fi wà, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣe é. Kí ẹ tó ra fóònù, pàápàá jù lọ tòkunbọ̀, ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń fi ìmúdójúìwọ̀n ààbò ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá sì lọ kí àwọn òbí yín, ẹ gba fóònù wọn, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Wọ́n ti rí àlàfo inú ògiri, wọ́n sì ti po amọ̀ tí a ó fi dí i. Ọwọ́ wa ni yóò gbà á wọlé.