Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé: Èrè àti Òfò Rẹ̀

Kì í ṣe òní ni a ti ń rọ àwọn ará Nàìjíríà pé kí olúkúlùkù gbin ohun tí yóò jẹ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fi ètò Green Revolution rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2023, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé ọ̀ràn oúnjẹ ti di ti pàjáwìrì. Ó yẹ, nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọgbà mọ èrè rẹ̀, kí ó sì mọ òfò rẹ̀ pẹ̀lú.

Èrè rẹ̀ kò fara sin. Tẹ̀tẹ̀ kì í sábà ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ kí ó tó tó jẹ. Bí a bá sì gé e dípò kí a fà á tu, yóò tún yọ ẹ̀ka. Gbúre kò béèrè ju kí a ti ẹ̀ka rẹ̀ bọ ilẹ̀ tútù lọ. Ilá a sì máa so ní nǹkan bí oṣù méjì. Ìyá ilé tí ó ní ebè mẹ́ta péré lè rí ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ já láìnáwó.

Ṣùgbọ́n adìẹ kò mọ irúgbìn yàtọ̀ sí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ kò mọ ọgbà yàtọ̀ sí pápá. Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ní Port Harcourt, òjò àpọ̀jù a máa mú kí tòmátì rà. Ní Kano, òjò kì í sábà rọ̀ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Karùn-ún, gbogbo omi tí ẹ̀fọ́ yóò mu ni a ó fi ọwọ́ pọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òkè Ọya ní ọdún 2016 jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Àfòpiná kékeré kan, Tuta absoluta, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà tàn káyé, yé sára tòmátì ní Kaduna, Kano àti Katsina. Ìdin rẹ̀ lu ewé, ó sì lu èso. Ní oṣù Karùn-ún, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lórí tòmátì. Ó sì di ọ̀wọ́n títí dé ọjà Èkó. Bí èyí bá lè bá àgbẹ̀ oko ńlá, kò yẹ kí onígbà kékeré fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sórí irúgbìn kan ṣoṣo. Tẹ̀tẹ̀ àti ilá kì í ṣe oúnjẹ kòkòrò yìí. Ẹni tí ó bá gbìn wọ́n mọ́ tòmátì kò ní pàdánù gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àwọn òfò mìíràn wà tí ọwọ́ ẹni ń fà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó irúgbìn. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹrà dáadáa. Omi gọ́tà kò yẹ fún ẹ̀fọ́ rárá, nítorí ó lè gbé àrùn onígbáméjì wọ inú ilé. Bí a bá ń gbin tòmátì sójú kan náà lọ́dọọdún, aràn tí ń jẹ gbòǹgbò yóò pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá sì gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan yóò ní àníjù lónìí, yóò sì ṣe aláìní lọ́la. Ó sàn kí a máa gbìn ín díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò lè gba ìdílé lọ́wọ́ ọjà pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè dín ìnáwó kù. Ebè méjì tí a ń bẹ̀ wò láràárọ̀ sàn ju pápá tí a pa tì lọ.