Nọ́ńbà Mélòó Ni Màá Jẹ́? Bí Wọ́n Ṣe Ń Da Ìwé Ipò Àgbà Àwọn Awakọ̀ Òfurufú Pọ̀

Bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan bá ra òmíràn ní Amẹ́ríkà, iye owó tí wọ́n fi rà á ni àwọn oníròyìn máa ń gbé kiri. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn awakọ̀ yàtọ̀. Ohun tí oníkálukú wọn ń bèèrè ni pé nọ́ńbà mélòó ni òun yóò jẹ́ nínú ìwé tuntun.

Ìwé tí à ń sọ ni ìwé ipò àgbà. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Orúkọ gbogbo awakọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gba kálukú síṣẹ́ ni wọ́n sì fi tò ó. Ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ mú nínú ohun gbogbo: irú ọkọ̀ tí yóò máa wà, bóyá àga kápítéènì ni yóò jókòó sí tàbí ti igbákejì, ìlú tí yóò ti máa gbéra, ọ̀sẹ̀ tí yóò gba ìsinmi, àti bóyá yóò bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe Kérésì nílé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti ará ìsàlẹ̀. Owó pàápàá ń tẹ̀lé nọ́ńbà. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún wọn, owó wákàtí kan fún kápítéènì nínú ọkọ̀ ràgàjì tó ń sọdá òkun sì jìnnà sí ti igbákejì nínú ọkọ̀ kékeré. Bí ọjà bá kùtà, ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n ti ń dá èèyàn padà sílé. Bó bá tún yá, ẹni tó kúrò gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ padà.

Kò sì sí bí awakọ̀ ṣe lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ dání lọ síbòmíràn. Kápítéènì tó ti lo ogún ọdún, bó bá fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí tó wọ iléeṣẹ́ mìíràn lọ́la, ẹ̀yìn ọ̀dọ́mọdé tí wọ́n gbà lánàá ni yóò tò sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ fi ń gbóná: ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ kò lè fi ìbínú kó ẹrù rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nínú agboolé ńlá yóò tètè lóye rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni a fi ń mọ ipò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí ẹni ogún ọdún bá ti ṣáájú ẹni ọgbọ̀n ọdún wọlé ọkọ, ó ti ṣáájú rẹ̀ náà nìyẹn. Òfin yìí gún régé nínú ilé kan ṣoṣo. Àmọ́ bí wọ́n bá da agboolé méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ìyàwó kẹfà ní agboolé àkọ́kọ́ sì ti pẹ́ ju ìyálé agboolé kejì lọ, ta ni yóò máa pàṣẹ fún ta?

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n fi ọjọ́ ìgbàṣẹ́ to gbogbo orúkọ. Ó jọ òdodo, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ti pẹ́ tí kò gbèrú mọ́ ló ń gbè. Ká sọ pé ẹnì kan wọ iléeṣẹ́ àtijọ́ ní 1999, tó ṣì jẹ́ igbákejì nítorí pé àwọn tó wà lókè rẹ̀ kò kúrò. Ẹlòmíràn wọ iléeṣẹ́ tuntun ní 2005, iléeṣẹ́ náà ń dàgbà, ó ti di kápítéènì. Bí ọjọ́ bá jẹ́ ìdíwọ̀n, igbákejì yóò fo kápítéènì, yóò sì lè gba àga tí kò jókòó sí rí.

Ọ̀nà kejì ń wo ohun tí oníkálukú mú wá. Wọ́n á kó kápítéènì ọkọ̀ ńlá iléeṣẹ́ méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, sójú kan, ti ọkọ̀ kékeré sójú kan, kí wọ́n tó kan àwọn igbákejì. Bí ti ọ̀tún bá jẹ́ 1,000, tí ti òsì jẹ́ 500, wọ́n á máa mú méjì lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí yóò fi tán. Kápítéènì á wà ní kápítéènì. Ẹni tó máa ké níbẹ̀ ni ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ dúró de àga.

Ọ̀nà kẹta kò ní ọgbọ́n kankan nínú: kí ẹni tó rà kó orúkọ ẹni tó tà sí ìdí ìwé tirẹ̀. Irú rẹ̀ ni ojú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú TWA rí. Ní 2001 ni American Airlines rà á nígbà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ọjà tó so, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ TWA jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ tó wà nínú àdéhùn wọn láti gbé ọ̀rọ̀ ipò àgbà lọ síwájú onílàjà. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé tuntun jáde, ó ju ìdajì wọn lọ tó wà lẹ́yìn ẹni ìkẹyìn ní American. Ti àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo wọn pátá ni wọ́n kó sí ìdí. Lẹ́yìn ìkọlù September 11 ọdún yẹn, iṣẹ́ dín kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn padà sílé láti ìsàlẹ̀. Ẹ mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ náà pe ALPA, ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wọn, lẹ́jọ́ pé kò gbèjà wọn. Wọ́n jàre ní 2011, mílíọ̀nù 53 dọ́là ni wọ́n sì fi parí ẹjọ́ náà ní 2014.

St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ni ibùjókòó TWA. Àwọn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà méjì, Claire McCaskill ti Democrat àti Kit Bond ti Republican, para pọ̀ gbé òfin kan jáde ní December 2007. Ó ní bí iléeṣẹ́ méjì bá dàpọ̀, kí wọ́n da ìwé méjèèjì pọ̀ lọ́nà tó tọ́ tó sì bá ẹ̀tọ́ mu. Bí wọn kò bá fẹnu kò, kí wọ́n lọ síwájú onílàjà tí gbogbo wọn yóò gba ìdájọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ló ń ṣojú ọ̀tún àti òsì, ìlànà inú ẹgbẹ́ náà ni wọn yóò lò. Òfin náà kò sọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́ yìí gan-an.

Ìjà tó fi hàn pé ẹ̀tọ́ lè ní ojú méjì ni ti US Airways àti America West, tó dàpọ̀ ní 2005. US Airways ti pẹ́, Ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ó ti wọ ilé ẹjọ́ agbèsè lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí 1,700 awakọ̀ rẹ̀ sì wà nílé láìríṣẹ́ ṣe. America West ti Arizona kò dàgbà tó o, 1983 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ṣùgbọ́n awakọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn Ìlà-oòrùn ní ọjọ́ ìgbàṣẹ́ ni kí wọ́n lò. Àwọn Ìwọ̀-oòrùn ní ohun tí kálukú mú wá ni. Ní May 2007, onílàjà George Nicolau gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Ó fi awakọ̀ 517 láti Ìlà-oòrùn sókè téńté, torí ọkọ̀ ràgàjì tó ń lọ òkè òkun wà lọ́dọ̀ wọn, èyí tí America West kò ní nígbà náà. Ó da àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ ní ìpín-ìpín, ó sì kó àwọn tó wà nílé sí ìdí. Ẹni tó ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún bá ara rẹ̀ nítòsí ẹni tí America West ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdàpọ̀.

Àwọn Ìlà-oòrùn ló pọ̀ jù. Wọ́n fi ìbò lé ALPA lọ ní 2008, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ tuntun, USAPA, rọ́pò rẹ̀, èyí tó kọ̀ láti lo ìwé Nicolau. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ kan ni iléeṣẹ́ ń jẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ Ìlà-oòrùn kì í bá ti Ìwọ̀-oòrùn jókòó nínú ọkọ̀ kan náà. Owó tí wọ́n gé nígbà gbèsè ni àwọn Ìlà-oòrùn sì ń gbà lọ, nítorí àdéhùn owó tuntun kò jáde. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n pàdánù níbẹ̀ ju ohun tí nọ́ńbà lè dá padà. Ní 2013 ni US Airways dàpọ̀ mọ́ American. September 2016 ni àwọn onílàjà tó rí ìwé American, ti Ìlà-oòrùn àti ti Ìwọ̀-oòrùn sọ di ọ̀kan. Ọdún mọ́kànlá gbáko!

Delta àti Northwest kò jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí owó kí ìdàpọ̀ tó wáyé ní October 2008, ìdájọ́ onílàjà sì jáde ní December. Àwọn Northwest ní awakọ̀ àwọn ti dàgbà, wọn yóò fẹ̀yìn tì láìpẹ́, nítorí náà àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ì bá tètè gòkè ká ní kò sí ìdàpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwáwí. Ibi tí èèyàn ì bá dé náà wà lára ohun tí onílàjà ń wọ̀n. Nígbà mìíràn wọ́n á mọ odi: fún ọdún mélòó kan, àwọn tó mú irú ọkọ̀ kan wá ni yóò ṣì máa mú àga inú rẹ̀. Bí ọdún bá pé, odi á wó.

Ní 2009, ALPA tún ìlànà rẹ̀ ṣe: ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ipò àti irú ọkọ̀, àti ìrètí ọjọ́ iwájú, gbogbo wọn ni kí onílàjà wò. Bí wọ́n ṣe ṣe ti United àti Continental ní 2013 nìyẹn, tí wọ́n pa ọdún àti ipò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà, àmọ́ mi ò tíì rí ọ̀nà tó sàn jù ú lọ.

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, tó sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta iléeṣẹ́ rẹ̀, kó má wulẹ̀ bi í bóyá owó rẹ̀ yóò lé. Kó bi í pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣojú wọn, kó sì rí i dájú pé wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan tó gba onílàjà lọ́wọ́ wọn.