Àtọ̀gbẹ Kì í Dá Rìn: Ohun Tí Àwọn Pima Ìpínlẹ̀ Arizona Fi Han Ayé Nípa Ọkàn

Lọ́dún 1963, àwọn oníwádìí kan tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rán níṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Pima, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àrùn oríkèé-ara ríro ni wọ́n bá wá. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn náà wò tán, ọ̀rọ̀ oríkèé di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, torí pé àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Láàárín àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún 35, bí èèyàn méjì bá jókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ní in.

Wọn ò padà sílé mọ́. Láti ọdún 1965 títí di 2007 ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n fún àyẹ̀wò ní bí ọdún méjì méjì. Bí ẹni tí wọ́n pè bá ti dé, wọ́n á fún un ní omi tí wọ́n po ṣúgà glúkóòsì sí, adùn rẹ̀ á ju adùn lọ, á mu ún tán, á sì jókòó fún wákàtí méjì kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara tó bá pé yóò ti kó ṣúgà yẹn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí wákàtí méjì tó pé. Ara alátọ̀gbẹ ò ní lè kó o.

Àwọn kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Pima ló rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Lóòótọ́, àjogúnbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Elliott Joslin, àgbà dókítà àtọ̀gbẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti yẹ Arizona wò ṣáájú, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1940 pé àtọ̀gbẹ tí òun rí láàárín wọn ò ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìran kan kì í yí padà láàárín ọdún mẹ́tàlélógún. Ohun tó yí padà ni oúnjẹ wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, etí odò Gila ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé, àfi ìgbà tí àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí òkè odò bẹ̀rẹ̀ sí í darí omi sínú oko tiwọn, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Oko gbẹ. Nígbà tó yá, ìyẹ̀fun funfun, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti ṣúgà tí ìjọba ń pín ló di oúnjẹ ilé. Èmi ò mọ bí èèyàn ṣe lè sọ ìtàn àtọ̀gbẹ níbẹ̀ láì dárúkọ odò yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló wá rú àwọn dókítà lójú. Framingham, ìlú kékeré kan ní Massachusetts tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọkàn àwọn ará ìlú láti ọdún 1948, ti fi hàn lọ́dún 1979 pé ewu àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ti obìnrin sì le ju ti ọkùnrin lọ. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1990 sọ pé àrùn ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ pa àwọn Pima, pẹ̀lú gbogbo àtọ̀gbẹ wọn. Ó ti pẹ́ táwọn dókítà ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé ọkàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà le, pé àrùn rẹ̀ kì í sábà mú wọn.

Ìwádìí tí wọ́n pè ní Strong Heart Study ló tú u fó. Ọdún 1988 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà 13 ló kó pọ̀, ní Arizona, Oklahoma àti Dakota méjèèjì, èèyàn 4,549 tó wà láàárín ọdún 45 sí 74. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1999, àrùn ọkàn tuntun láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ará Amẹ́ríkà mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé. Nínú àwọn ọkùnrin tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù, ó lé ní ìdajì tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn obìnrin, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Kí ló dé tí wọn ò fi tètè rí i? Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, kò pọ̀ lára wọn bí ó ti pọ̀ lára àwọn òyìnbó, àwọn ará Arizona ò sì fi bẹ́ẹ̀ ń fa sìgá. Ìyẹn fi àrùn náà falẹ̀, kò lé e lọ. Àtọ̀gbẹ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 35 lè má dé ọkàn títí ẹni náà á fi tó ọdún 55 tàbí 60.

Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà dé ibẹ̀. Ara tó yè máa ń ní iṣan tí inú rẹ̀ ń dán bí inú ìkarahun ìgbín. Bí ṣúgà bá wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún kún un, ibi dídán yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, ọ̀rá á máa ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, á sì máa wú. Lọ́jọ́ tí ibi tó wú bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, á dí ọ̀nà pa. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń bọ́ ọkàn ló dí, apá kan lára ẹran ọkàn á kú. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni pé àtọ̀gbẹ tún máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìrora jẹ́. Ọkàn lè gba ìkọlù kí àyà má ro onítọ̀hún rárá. Màmá àgbà á kàn ní ó rẹ òun, pé òun ò lè mí délẹ̀, òógùn á bò ó, àwọn ọmọ á ní ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà.

Gbogbo èèyàn ló wá rò pé bí wọ́n bá ti fi ipá tẹ ṣúgà wálẹ̀, ọkàn á bọ́. Wọ́n dán an wò lára àwọn alátọ̀gbẹ 10,251 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nínú ìwádìí ACCORD. Ní oṣù kejì ọdún 2008, wọ́n dá apá tó jẹ mọ́ ṣúgà dúró láìtọ́jọ́: èèyàn 257 ló kú lára àwọn tí wọ́n ń fi oògùn rọ ṣúgà wọn wálẹ̀ gan-an, 203 ló kú lára àwọn yòókù. Kì í ṣe pé kí wọ́n má tọ́jú ṣúgà o. Ohun tó fi hàn ni pé ṣúgà nìkan kọ́ lọ̀tá.

Ọdún yẹn kan náà ni èsì mìíràn jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn. Àwọn alátọ̀gbẹ 499 ni, wọ́n sì gbájú mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn. Lára àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú tó le jù, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo iṣan ọrùn wọn, ara iṣan náà ti fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i. Tàwọn yòókù ń nípọn sí i ni.

Nílé wa níbí, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ á yáa fi ṣúgà sílẹ̀, á mu omi ewúro, á tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà dégbò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mélòó nínú wọn ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù? Mélòó ni wọ́n ti yẹ ìtọ̀ wọn wò bóyá èròjà albumin ń jò gba inú kíndìnrín? Nínú Strong Heart Study, albumin inú ìtọ̀ wà lára àwọn àmì tó ń tọ́ka sí àrùn ọkàn tó ń bọ̀, nítorí iṣan wẹ́wẹ́ tó ń jò nínú kíndìnrín kò yàtọ̀ sí èyí tó ń bàjẹ́ níbòmíràn lára.

Lọ́dún 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò àkànṣe àtọ̀gbẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ọwọ́ ìlú fúnra wọn ni owó náà wà. Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, wọ́n ń fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dáàbò bo kíndìnrín, wọ́n sì ń tọ aláìsàn lọ sílé. Láàárín ọdún 1996 sí 2013, kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ń bà jẹ́ pátápátá láàárín wọn dín kù ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹ̀yà mìíràn ní Amẹ́ríkà tí tirẹ̀ yára wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.