Bí kọ̀ǹpútà bá ń bá yín sin gbèsè: ohun tó yẹ kí oníṣòwò Kodjoviakopé mọ̀

Ní Kodjoviakopé, àdúgbò Lomé tó wà lẹ́bàá òkun, tó sì kángun sí ibodè Ghana, aago méje ṣì ni nígbà tó bá ti di mẹ́jọ l'Ékòó àti ní Cotonou. Ọmọ Yorùbá tó ń ná ọjà láàárín àwọn ìlú yìí mọ wàhálà tí wákàtí kan yẹn ń dá sílẹ̀.

Ká ní aláṣọ kan níbẹ̀ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rán oníbàárà létí owó tó kù lẹ́yìn wákàtí kan. Nínú Python, èdè tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991 láti fi máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́:

t = threading.Timer(3600, ranse)
t.start()

Timer yìí kì í wo aago Lomé tàbí ti Èkó. Ìṣẹ́jú àáyá 3600 ló ń kà láti ìgbà tá a bá ti ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ọmọọṣẹ́ tá a ní kó jókòó ti ìkòkò nígbà tí ìyá ń tajà lọ níwájú: aláṣọ lè máa kọ ọjà mìíràn sílẹ̀, Timer ń ka tirẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá sanwó kí wákàtí tó pé, t.cancel() á fagi lé àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣèèṣì kọ ranse() dípò ranse, ojú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ á lọ. Oníbàárà ò tíì jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí fóònù rẹ̀ á ti máa pè é ní onígbèsè. Àwa ò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á padà wá rajà.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló ń kọ wá lóminú jù. Inú ìrántí kọ̀ǹpútà nìkan ni Timer ń gbé. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú, gbogbo àṣẹ tó ń dúró ti bá a lọ, nígbà tó bá sì tún tàn, kò ní rántí pé ẹnikẹ́ni jẹ owó. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Timer tó. Gbèsè ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é fún yín jẹ́ kó kọ ọjọ́ àti aago ìsanwó sínú fáìlì, kó sì máa yẹ fáìlì náà wò nígbàkígbà tó bá tún ṣí. Níbẹ̀ ni wákàtí kan ti Lomé àti Èkó tún ti wọlé: bí wọ́n bá kọ aago mẹ́ta, kí wọ́n kọ ti ìlú wo síbẹ̀.