Clafoutis máńgòrò, láìní ààrò búrẹ́dì

Tí oṣù kẹrin bá ti wọlé ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, máńgòrò a máa pọ̀ títí á fi sú ewúrẹ́ pàápàá. Èyí tí a kò jẹ, tí a kò rí tà, á jẹrà sábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa ń gba owó lọ ra gátò lójoojúmọ́.

Àwọn ará Limousin ní ilẹ̀ Faransé ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní clafoutis. Wọ́n á to èso sínú àwo, wọ́n á da àpòpọ̀ ẹyin, mílíìkì, ìyẹ̀fun àti ṣúgà lé e, wọ́n á sì yan án. Èso cerise ni tiwọn, wọn kì í tilẹ̀ yọ kóró rẹ̀. (Bí ẹ bá fi èso mìíràn ṣe é, àwọn kan níbẹ̀ á ní flognarde lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún wọn.)

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ wá máńgòrò ńlá méjì tó pọ́n, tí kò rọ̀ jù. Gouverneur dára, torí kò ní fọ́nrán. Ẹyin 3, ìyẹ̀fun 100 g (ṣíbí ọbẹ̀ 10, kí orí rẹ̀ tẹ́jú), ṣúgà 60 g (ṣíbí 4), mílíìkì 250 ml àti iyọ̀ ṣíún. Bí mílíìkì agolo yín bá jẹ́ oní-ṣúgà, ẹ fi omi là á, ẹ má sì fi ṣúgà kún un mọ́.

Ẹ po ẹyin mọ́ ṣúgà àti iyọ̀, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, kí ẹ tó wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀ kó má baà ní kókó. Kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ fi bọ́tà pa inú àwo irin, ẹ to máńgòrò gígé sí i, ẹ da àpòpọ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ ní, ẹ má lò ó ní tútù o. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀, bromélaïne, tó ń jẹ purotéènì ẹyin àti mílíìkì. Òun ló máa ń ta wá létè. Kì í jẹ́ kí oúnjẹ náà dì dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ sè é fún ìṣẹ́jú 10. Iná á pa agbára nǹkan náà, omi rẹ̀ á sì dínkù.

Ọ̀rọ̀ ààrò ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá. Ẹ mú ìkòkò irin tó nípọn, ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí i, kó nípọn tó ìbú ìka mẹ́ta, ẹ to òkúta kéékèèké mẹ́ta lé e. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e ka iná èédú fún ìṣẹ́jú 15. Iyanrìn á gba ooru, á máa tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìdí àwo kò ní jó. Ẹ wá gbé àwo sórí òkúta, ẹ dé ìkòkò padà, ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ọmọrí. Ẹ má fo èyí: láìsí iná lókè, ojú rẹ̀ á funfun, á tutù bí ọ̀lẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, torí gáàsì èédú nínú yàrá títì ń pani láìjẹ́ kéèyàn fura.

Ẹ má ṣí i kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láàárín 45 sí 50, ẹ ti ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀. Bí kò bá gbé omi jáde, ó ti jinná. Á wú nínú ìkòkò, á sì rọlẹ̀ bó bá ń tutù, kò bàjẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó tán lọ́jọ́ náà. Ẹyin àti mílíìkì ló wà nínú rẹ̀: bí ẹ kò bá ní firíìjì, ẹ má fi sílẹ̀ de àárọ̀ ọjọ́ kejì fún ọmọ.